Ibi Tí Omi Kò Dì

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì nílé-iṣẹ́ pákó
ọmọ mi obìnrin fi awò olójú méjì ránṣẹ́ sí mi,
ó ní, "Bàbá, ẹyẹ ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo ògiri."
Oṣù kìn-ín-ní ni. Ní àríwá Fínlándì níbí,
oòrùn ìgbà náà dà bí àlejò tí wọn ò fún ní àga:
ó yọjú lágogo mẹ́wàá,
ó ti lọ kí n tó fọ abọ́ ọ̀sán.

Mo wọ bàtà onírun, mo wa mọ́tò wọ igbó.
Igbó ni mo ṣáà mọ̀ pé ẹyẹ ń gbé.
Igi páìnì lọ́tùn-ún, igi páìnì lósì,
yìnyín lórí gbogbo ẹ̀ka bí ìyẹ̀fun tó dà nù,
ibẹ̀ dákẹ́ débi pé mo gbọ́ bí irùngbọ̀n mi ti ń dì.
Àkókó kan sọ gbólóhùn kan lókèèrè,
kò tún un sọ.
Wákàtí mẹ́ta. Mo pe ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi,
wọn ò jẹ́ mi mọ́.

Hilkka tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa ló ṣílẹ̀kùn fún mi.
Ó rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fi fẹ́ẹ́ jábọ́.
"Igbó! Ta ló rán ọ nígbó lóṣù yìí?
Kí lẹyẹ fẹ́ jẹ níbẹ̀, àdúrà?
Ojú àlejò ní í là, kì í fi í ríran.
Má béèrè ibi tó rẹwà. Béèrè ibi tí oúnjẹ wà.
Béèrè ibi tí omi kò dì."

Ó fi pẹ́ńsù ya ìlú wa sẹ́yìn rìsíìtì ilé-oògùn,
bí ìlú náà ti rí lójú ẹyẹ:
kò sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí báńkì, kò sí ilé tèmi pàápàá.
Igi eléso pupa mẹ́fà lẹ́yìn ilé-ìkàwé,
adágún omi ìdọ̀tí tó ń rú èéfín nínú òtútù
("di imú rẹ, la ojú rẹ"),
ẹ̀yìnkùlé Aulikki, tó ń fi owó ìfẹ̀yìntì bọ́ ẹyẹ,
àti abẹ́ afárá, níbi tí ẹ̀rọ mànàmáná ti ń lé omi kiri
tí odò ò fi ráyè dì.
Ibẹ̀ ló tẹ pẹ́ńsù mọ́ títí ìwé fi lu.
Odò tó yà gba àárín ilé-ìkàwé kọjá.
Mo rò pé àwàdà ni.

Lẹ́yìn ilé-ìkàwé, ogójì ẹyẹ tó dá òṣù sórí,
ṣóńṣó ìyẹ́ apá wọn pupa bí ẹni fi èékánná tọ́ ọ̀dà wò,
wọ́n ń gbé èso mì bí ọmọ tó ń jí ṣúgà jẹ.
Ensio awakọ̀ bọ́ọ̀sì dúró, ó kọ̀, kò lọ,
èrò ọkọ̀ ń fi ìbọ̀wọ́ nu gíláàsì, wọ́n ń kà wọ́n.
Ogún ọdún ni mo fi gba ibẹ̀ lọ ra búrẹ́dì.

Lẹ́yìn náà, abẹ́ afárá.
Ẹyẹ kan, kò ju ìkúùkù mi lọ,
dúdú, àyà rẹ̀ bí ẹni tó da mílíìkì sára,
ó dúró létí yìnyín, ó ń tẹ̀ríba, ó ń tẹ̀ríba
bí ọkọ ìyàwó níwájú àna,
ó sì wọnú omi.
Kò bẹ́ sí i o. Ó rìn wọ̀ ọ́ ni,
bí èèyàn ti í wọ ilé ìdáná ara rẹ̀.
Mo ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ kó tó jáde,
kòkòrò lẹ́nu, ara gbẹ, àfi bí ẹni pé odò parọ́.

Mo sáré lọ ròyìn fún Hilkka.
Ó kọjú sí mi, àmọ́ ibi tí mo wà kọ́ ló kọjú sí.
Ìgbà náà ló tó yé mi ìdí tí odò fi gba ilé-ìkàwé kọjá.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń gbé lókè orí rẹ̀.

"Ṣé ó kọrin?" ló bi mí.
"Nínú òtútù yìí?"
"Nínú òtútù yìí gan-an. Ṣé ó kọrin?"
Mi ò mọ̀.
Fìlà onírun ló bo etí mi méjèèjì.

Lọ́la, màá ṣí ọ̀kan sílẹ̀.
Ti òsì. Èyí tó wà lápá odò.